Ọjọ́ Tí Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà Gba Títì Márosẹ̀

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé e mì kó tó ka èyí, mi ò fẹ́ kí oúnjẹ há ẹnikẹ́ni lọ́fun nítorí ẹ̀rín. Obìnrin tó ni ìtàn yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi. Ó jókòó, ó rò ó fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí n bu omi fún òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló gba àga ńlá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kí n má bo òun láṣìírí rárá. Ó ní àwọn tó wà lórí títì lọ́jọ́ náà ti sọ ọ́ kiri tán, kí àwọn tó kù kúkú gbọ́ ọ bó ṣe rí, kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n.

Rúlà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Rúlà onírin kan wà tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì, á ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀dà díẹ̀ sókè, á ki rúlà bọ ihò náà, á wo bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Tó bá fi ìka kan dín sí ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, agbaṣẹ́ṣe á hú u.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá ńlá ni mo ń wí o, àwọn tí ikùn wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́: "Àǹtí Rúlà, ẹ ṣàánú wa, ìka kan péré ni."

Òun náà á ní, "Ẹ hú u. Ìka kan péré náà ni."

Iṣẹ́ méjì ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òun ni alákòóso títì márosẹ̀ tí ìjọba ń là, òun ló ń sọ ọ̀nà tí wọ́n máa tì àti èyí tí wọ́n máa ṣí. Òun náà ni alákòóso owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn abúlé tó bá ń gbìyànjú láti tún ìlú wọn ṣe. Òfin owó náà kò lọ́jú pọ̀. Abúlé á kọ́kọ́ fi owó àti òógùn ara wọn ṣe ìdajì iṣẹ́: ilé á dúró, òrùlé á wà lórí ẹ̀, ohun èlò á wà nínú ẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò á wá fojú rí i, ìjọba á wá parí ìyókù. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, abúlé mẹ́ta ló béèrè, owó tó wà nílẹ̀ kò sì kọjá ti méjì.

Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, ló mọ̀ pé Rúlà ló máa jókòó sórí àga rẹ̀. Kò ní bàbá ìsàlẹ̀, orúkọ rere nìkan ló ní. Wọ́n ní obìnrin yìí kì í tẹ̀, kì í wọ́. Orúkọ yẹn àti àga yẹn ló wá lọ gbé lé orí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Rúlà ń wá láyé. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò yìn ín rí.

Ìyá náà kì í ṣe ìkà o, ẹnu rẹ̀ ló kàn mú. Tí Rúlà bá se oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Ó dáa. Iyọ̀ ò kúkú pa èèyàn." Tó bá ra aṣọ fún un, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: "Ó wuyì. Ì bá dáa lójú fèrèsé." Ọjọ́ tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, tó sáré lọ sọ fún un, ìyá ní, "A dúpẹ́. Ta ló wá ń se oúnjẹ ọmọ mi?" Kò sì pè é ní ìyàwó mi rí. "Ìwọ yìí" ló máa ń pè é.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Rúlà lọ kí i ní abúlé. Abúlé náà wà lára àwọn mẹ́ta tó béèrè owó. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ́, ìyá yìí sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń kọ́ ọ. Ó mú Rúlà wọ inú rẹ̀. Ògiri ti dúró, òrùlé ti wà, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú yàrá náà ju ewúrẹ́ méjì lọ.

"Ìyàwó mi," ni ìyá wí.

Rúlà bojú wẹ̀yìn. Ó rò pé ẹlòmíì ló wọlé.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìyàwó mi. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, àbí?"

"Wọ́n ń bọ̀, Màmá. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì dà? Táǹkì omi dà? Tí wọn ò bá rí i, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé dandan ni kó jẹ́ tiwa, àbí ó ṣáà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè o! Ká ní agbaṣẹ́ṣe ló bi í, rúlà ni ì bá yọ sí i. Ṣùgbọ́n "ìyàwó mi" ti ń pa obìnrin yìí bí ọtí. Ó wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wò ó.

"Màmá, ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀."

"Mo gbọ́," ni ìyá wí, "ìyàwó mi àtàtà."

Ìyá ní àbúrò kan tó ní ilé ìwòsàn nígboro. Wọ́n ń kun ilé náà lọ́dà lọ́wọ́, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ sì wà níta. Àbúrò náà gbà láti yá wọn ní mẹ́fà àti táǹkì omi kan, fún ọjọ́ kan péré. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì náà ti ṣẹ́ rí, wọ́n fi igi dípò rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá tó bí Rúlà lọ́mọ fi pè é lórí fóònù. Abúlé tirẹ̀ ni ìkejì nínú àwọn mẹ́ta náà, òdìkejì odò ló wà. Ilé ìgbẹ̀bí làwọn náà ń kọ́.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti rí bẹ́ẹ̀dì fún ilé ọkọ rẹ."

"Mọ́mì, ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá ọkọ rẹ ni. Ojú ọ̀nà la ti pàdé, ó ń fi yangàn sí mi. Mi ò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló pọ̀n ọ́ nígbà tí ara rẹ ń gbóná ni."

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Ewúrẹ́ mélòó ló wà nínú ilé ìgbẹ̀bí tiwọn?"

"Méjì."

"Mẹ́ta ló wà nínú tiwa," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Kí ni ọmọ máa ṣe? Ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà di ti abúlé méjì.

Abúlé kẹta, tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ni tiwọn ò ní màgòmágó nínú. Ilé ìwé ni wọ́n ń kọ́, àwọn òbí ló fi orí ru iyanrìn tí wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, òrùlé àti àga sì ti wà níbẹ̀. Rúlà mọ̀ pé tí abúlé ìyá ọkọ àti abúlé ìyá òun bá gba owó, kò ní ku kọ́bọ̀ fún ilé ìwé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ògiri kì í sá lọ, á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó ṣàlàyé ètò náà fún ọkọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ ti ń tún aago ṣe. "Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ó yẹ ti Màmá wò. Bí a bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì sínú lọ́rì, wọ́n á gba ọ̀nà àtijọ́, wọ́n á gba orí afárá onípákó sọdá. Àwa á gba títì márosẹ̀, a ó yà sí ilé ìwé, màá sì rí i pé a pẹ́ níbẹ̀. Ká tó dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì, bẹ́ẹ̀dì ti ń dúró dè wá."

Ọkọ rẹ̀ yọ gíláàsì ojú. "Ìyàwó, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá."

"Tèmi ò tó ogún ọdún. Ọ̀sán kan péré ni."

Ó ní inú òun dùn lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra sọ́nà. Ó ń kọrin ní ọ́fíìsì, ó ń kí àwọn agbaṣẹ́ṣe tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ibi tó ti ń kọrin yìí ni ẹ̀ńjìníà tó ń bójú tó afárá wọlé bá a. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lé Rúlà kiri pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n ti afárá onípákó kan, kí wọ́n lè pààrọ̀ àwọn pákó tó ti jẹrà lórí ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀mí èèyàn ni o."

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ tì í?"

"Ọjọ́bọ̀, mà."

"Ẹ tì í pa. Ẹni tó bá débẹ̀, ẹ má ṣí i fún un, ì báà ṣe èmi gan-an." Ó buwọ́ lù ú, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ti rí i, àbí? Òun ò rí i. Ọwọ́ kan ló fi ń ṣe ti títì, ọwọ́ kejì ló fi ń ṣe ti owó ìrànwọ́, lọ́jọ́ yẹn ọwọ́ méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Olórí àwọn olùyẹ̀wò ni obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí, Nọ́ọ̀sì Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó kúrú, ó máa ń rọra rìn, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin méjì tó tẹ̀ lé e, kíkọ ni wọ́n ń kọ, wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ní abúlé ìyá ọkọ, wọ́n ti lé ewúrẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tò sínú yàrá, aṣọ funfun ló bo gbogbo wọn, táǹkì omi dúró níta. Nọ́ọ̀sì Àgbà ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó lórí èyí tó kẹ́yìn, ó ké fín-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí ò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ìyá ọkọ Rúlà ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó mí. "Ó ṣẹ́ ni, mà. Aláboyún kan ló bí ìbejì lórí ẹ̀."

"Nínú ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ ò tíì ṣí?"

"Ó ń kánjú ni, mà."

Nọ́ọ̀sì Àgbà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà pẹ́pẹ́, ó sì jáde. Àwọn ọkùnrin méjì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Rúlà fẹ́ wọ jíìpù, ìyá ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. "Ìyàwó mi, o káre." Orí Rúlà wú débi pé díẹ̀ ló kù kó gbá a mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá tó bí i ni.

"Ọmọ mi, wọ́n dá lọ́rì padà lórí afárá."

"Ta ló dá a padà?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ yín. Wọ́n ní Àǹtí Rúlà ló ní kí wọ́n tì í. Awakọ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kò mọ Àǹtí Rúlà ni, tó bá gbọ́ pé àwọn ṣí i, á hú àwọn gan-an bí ọ̀dà."

"Ibo ni lọ́rì wà báyìí?"

"Ó ti yí padà. Títì márosẹ̀ ló ń gbà bọ̀. Dá àwọn àlejò yẹn dúró, ọmọ mi!"

Ẹ wá wo alákòóso bó ṣe ń dá àlejò dúró! Ó wọn ògiri ilé ìwé láti òkè, ó wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀. Kò fi ìka kan dín níbì kankan, ó sì tún un wọ̀n. Ó ní kí ọ̀gá ilé ìwé fi ilé ìyàgbẹ́ hàn wọ́n. Àwọn ọmọ kọrin fún àlejò, ó ní orin náà dùn, kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ, ó ní kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ sí i.

"Rúlà," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí, "ògiri yìí ò tíì ga sí i láti ìgbà tí o ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n wọ títì. Rúlà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń gbàdúrà nínú pé kí lọ́rì ti kọjá. Àdúrà náà gbà dé ìwọ̀n kan, torí lọ́rì ti ṣáájú wọn lóòótọ́. Kò kàn ṣáájú púpọ̀ ni.

Níbi kan lórí títì náà, wọ́n ń da ọ̀dà sí apá kan, apá kejì nìkan ni ọkọ̀ ń gbà. Obìnrin kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé. Tó bá gbé pupa sókè, àwọn tó ń lọ á dúró kí àwọn tó ń bọ̀ lè kọjá. Rúlà ló ṣètò ẹ̀, Rúlà ló kọ́ obìnrin náà níṣẹ́.

Pupa ló wà lókè. Lọ́rì kan ló dúró níwájú jíìpù wọn gan-an. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, táǹkì omi wà láàárín wọn, ìyá ọkọ Rúlà sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ àwọ̀ ewé, ó ṣí agbòjò sórí. Ó ti ní òun ò ní jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì òun dá lọ sí abúlé àna. Ọ̀nà tó wà níwájú lọ́rì ló kọjú sí, kò tíì rí wọn.

Rúlà bẹ́ sílẹ̀. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ́rì kọjá lọ bá obìnrin àsíá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Jọ̀ọ́, arábìnrin mi, jẹ́ kí lọ́rì yìí kọjá."

"Àǹtí Rúlà, ẹ̀yin lẹ ní bí gómìnà bá dé, kó dúró."

"Mo mọ ohun tí mo sọ!"

"Ẹ tún ní tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ní kó kọjá, irọ́ ló ń pa."

Ibẹ̀ ni ìyá ti rí i láti òkè.

"Ìyàwó mi!"

Gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí ìlà ló gbọ́ ọ. Ìyá dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan di táǹkì mú, ó ń fi agbòjò júwe Rúlà fún àwọn tó ń da ọ̀dà.

"Ẹ wò ó, gbogbo yín! Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn! Òun ló ni títì tí ẹ ń ṣe yìí! Òun ló ní ká kó bẹ́ẹ̀dì ṣáájú àwọn olùyẹ̀wò! Ó ti tẹ́ ẹ fún wa láàárọ̀, ó ń lọ tẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀! Ẹ fi irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ hàn mí!"

Àwọn tó ń da ọ̀dà pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ kan fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Rúlà ti ń retí kí ìyá yìí yin òun ní gbangba, ó dé wàyí, inú gbangba náà ló dé sí.

Ó ń fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún ìyá pé kó dákẹ́. Ìyá rò pé ó ń juwọ́ sí òun ni, ó juwọ́ padà. "Má sáré o, ìyàwó mi! Dá wọn dúró díẹ̀ sí i! Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ká tẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Gíláàsì ẹ̀yìn jíìpù rọra wálẹ̀. Orí Nọ́ọ̀sì Àgbà yọ jáde.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá."

Ìyá yíjú padà. Ó rọra na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi agbòjò bojú. Nígbà tó yá, ohùn kan wá láti abẹ́ agbòjò náà: "Ara mi ò yá. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé mi lọ."

Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ìdí lọ́rì, ó fi ìka kan ẹsẹ̀ àwọ̀ ewé náà kó, kó, kó.

"Ṣé ẹsẹ̀ tí ìbejì ṣẹ́ nìyí?"

Ó yíjú sí Rúlà.

"Rúlà, kí ni mò ń wò yìí?"

Rúlà sọ fún mi pé irọ́ mìíràn ti dé ẹnu òun, pé wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì lọ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ó wá gbójú sókè, ó rí àsíá pupa tí òun fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá.

"Irọ́ ni, mà," ló wí. "Bẹ́ẹ̀dì yìí kì í ṣe ti abúlé ìyá ọkọ mi, kì í sì í ṣe ti abúlé ìyá mi. A yá a ni. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ẹnì kan láàárín àwọn tó ń da ọ̀dà bú sẹ́rìn-ín. Èkejì gbà á. Àwọn awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá wòran. Ẹ̀rín mú Rúlà fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Nọ́ọ̀sì Àgbà náà fara ti táyà lọ́rì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lábẹ́ agbòjò, bẹ́ẹ̀dì ń ké fín-ín, fín-ín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà ló kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀.

"Mo ti rẹ́rìn-ín tèmi tán. Owó abúlé méjì ló wà nílẹ̀, àwọn mẹ́ta ló béèrè. Ta lo fẹ́ gba tirẹ̀ fún àwọn ìyá rẹ?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà ló tún dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Àwọn ọmọ tí o ní kí wọ́n fi àtẹ́wọ́ sí orin. O wọn ògiri wọn, o mọ̀ pé kò dín."

Ẹ̀rín bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu Rúlà. Ó ní kì í ṣe àwọn tó ń wòran ló dójú ti òun, orin àwọn ọmọ yẹn tó ṣì ń dún létí òun ni. Nọ́ọ̀sì Àgbà na ọwọ́ sí i.

"Mú rúlà yẹn wá."

Ó yọ ọ́ nínú báàgì, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni obìnrin àsíá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọ̀ ewé sókè.

Ilé ìwé gba owó tirẹ̀, wọ́n tọ́jú ìyókù di ọdún kejì. Ẹlòmíì ló jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà. Wọ́n gba ètò owó ìrànwọ́ kúrò lọ́wọ́ Rúlà, wọ́n ní kó lọ máa bójú tó àwọn tó ń di àsíá mú lórí títì, nínú oòrùn. Obìnrin àsíá ló fún un ní akẹtẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó kàn ní, "Àǹtí, ẹ dé e, oòrùn ibí yìí ò mọ ọ̀gá."

Nọ́ọ̀sì Àgbà ránṣẹ́ sí abúlé méjèèjì: "Ẹ̀yin tí bẹ́ẹ̀dì kan náà tó fún lọ́jọ́ kan, ilé kan náà á tó fún yín." Ó ní kí wọ́n jọ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan sí ẹ̀bá títì. Bí ìyá ọkọ Rúlà àti ìyá tó bí i ṣe di ọmọ ìgbìmọ̀ kan náà nìyẹn. Wọ́n jà lórí ibi tí ẹnu ọ̀nà máa kọjú sí, títí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn méjì. Wọ́n tú páànù àwọn ilé àkọ́kọ́ wá, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ráhùn. Wọ́n dá owó, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀dì tiwọn gan-an, ẹsẹ̀ gbogbo rẹ̀ sì jọ ara wọn. Rúlà náà ń wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ń ru omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ àyẹ̀wò tún pé. Alákòóso tuntun ló wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rúlà rí. Ó yọ rúlà onírin nínú báàgì. Gbogbo èèyàn ló mọ rúlà náà. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yàrá kan díẹ̀ sókè, ó ki rúlà bọ̀ ọ́, ó wò ó. Ó tún un wò. Ó gbójú sókè, ojú ń tì í.

"Àǹtí, ó fi ìka kan dín."

Gbogbo ojú yí sí Rúlà. Ìyá ọkọ rẹ̀ rọra sún mọ́ ọn, ó fi ìgbúnwọ́ gún un.

"Ìyàwó mi, ọmọ abẹ́ rẹ nìyí. Bá a sọ̀rọ̀. Ìka kan péré ni."

Rúlà rò ó wò. Ilé ti dúró. Bẹ́ẹ̀dì ti wà. Kò sí irọ́ níbẹ̀ ju bí ìka kan ṣe tóbi lọ. Ó wo rúlà tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

"Ẹ jẹ́ ká hú u, Màmá."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó pòṣé tó gùn. Ó wá ṣán ìró mọ́ra gírígírí, ó lọ mú dígà lẹ́yìn ilé, ó sì kọ́kọ́ fi ṣá ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó mú tirẹ̀. Ìyá tó bí Rúlà bọ́ bàtà, ó bá a níbẹ̀. Kò pẹ́ tí eruku fi bo gbogbo yàrá, tí àwọn tó kù sá jáde lọ húkọ́.

Nínú eruku yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́, kò gbórí sókè, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ìyàwó mi yìí dáa o."

Rúlà ní èyí tí ìyá pariwo rẹ̀ lórí lọ́rì, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ, ó sì ná òun ní àga kan. Èyí, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀, òun ń ṣa òkúta sìmẹ́ǹtì tó fọ́ sínú garawa, kí ìyá má baà rí i pé òun ń sunkún.